Aṣọ Òtútù Tí Ó Ṣẹ́kù Sí Tíróásì

Bíbélì Kíkà: 2 Tímótì 4:6-21
Akọ́sórí: 2 Tímótì 4:13 (Kí ọmọ tí ó kéré jù nínú àwọn tí ó mọ̀wé kà nílé ṣí i, kí ó sì kà á sókè fún gbogbo ilé.)

Bí ẹ ti ka Bíbélì òwúrọ̀ yìí tán, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ béèrè pé kí ni aṣọ òtútù ń wá nínú Ìwé Mímọ́. Ìbéèrè tí ó dára ni. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà ní Róòmù nígbà tí ó kọ lẹ́tà yìí. Ó mọ̀ pé àkókò àtilọ òun ti súnmọ́ tòsí, ó sì sọ ọ́ ní ẹsẹ kẹfà. Ọkùnrin tí a ti gbà lọ sí ọ̀run kẹta rí ni. Ní ìlú Tíróásì yìí kan náà ni ó ti gbá Yútíkù mọ́ra lẹ́yìn tí ó já bọ́ láti ojú fèrèsé, tí ó sì tún yè. Ní Éfésù, aṣọ ìnujú tí ó ti kan ara rẹ̀ ni wọ́n ń mú lọ bá àwọn aláìsàn. Òun náà ni ó ń kọ̀wé báyìí pé kí Tímótì bá òun mú aṣọ kan bọ̀ kí ìgbà òtútù tó dé. Kò tì í lójú. Kò rò pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù òtútù kò ní ìgbàgbọ́. Ó dárúkọ ohun tí ó fẹ́: aṣọ òtútù, àwọn ìwé, pàápàá ìwé awọ. Ó dárúkọ ìlú tí ó fi wọ́n sí, ó sì rántí orúkọ ẹni tí ó gbé wọn lé lọ́wọ́, Kárípù.

Àsìkò ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé ìwé nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé tí yóò ka ojú ìwé yìí ni ó ní ọmọ kan tàbí méjì tí ń múra ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko kúrò lójú ìyá àti bàbá. A ti san owó, a ti gba ààwẹ̀, a ti gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. Àpò tí yóò gbé lọ ńkọ́? Nínú ilé púpọ̀, ó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra kí a tó wá a jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ó ju ohun tí ọwọ́ bá bà sínú rẹ̀, a ó sì fa síìpù pa. Ẹ rántí bí àpò onílà pupa àti búlúù tí a máa ń kó ẹrù sí ṣe gba orúkọ. Ní oṣù January ọdún 1983 ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará Gánà ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí olúkúlùkù sì lè rọ́ sínú irú àpò yẹn ni ó gbé dání. Bí a ṣe ń pè é ní Ghana-must-go títí dòní nìyẹn. Wọ́n ní ìdí láti kánjú. Àwa tí a ti mọ ọjọ́ ìpàgọ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn, kí ni ìdí tiwa?

Ẹnìkan lè sọ pé Jésù rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn jáde láìmú àpò, láìmú oúnjẹ, láìmú owó. Òtítọ́ ni, ó wà nínú Lúùkù orí kẹsàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ ka orí kejìlélógún ìwé kan náà, ẹsẹ 35 àti 36. Olúwa fúnra rẹ̀ rán wọn létí ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn kò ṣe aláìní ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ fún wọn pé láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹni tí ó bá ní àsùnwọ̀n mú un, kí ó sì mú àpò rẹ̀ pẹ̀lú. Olúwa kan náà ni ó sọ méjèèjì. Iṣẹ́ wa ni láti mọ èyí tí ó ń bá wa sọ. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ní kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀lẹ má ṣe sọ ara rẹ̀ di ìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Oṣù kẹjọ ní ilẹ̀ wa kì í ṣe oṣù ooru. Òjò máa ń dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run á ṣú, afẹ́fẹ́ á tutù, òru á sì tutù ju ti oṣù kẹta lọ fíìfíì. Gbọ̀ngàn ńlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sùn sí ní ìpàgọ́, lórí ẹní tàbí fóòmù pẹlẹbẹ, sìmẹ́ńtì lábẹ́ wọn, fèrèsé gbogbo ní ṣíṣí. Ọmọ tí ó kó aṣọ ìjọ́sìn mẹ́rin tí kò mú aṣọ ìbora, tí kò mú súwẹ́tà, àpò rẹ̀ kún ṣùgbọ́n kò tíì di ẹrù. Aṣọ mẹ́ta tí ó ṣeé fọ̀, tí ó ṣeé sá gbẹ, tó fún ọjọ́ méje. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ sí i, kí ó máa fọ̀ bí ó ti ń wọ̀. Pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n, ẹ mú méje, nítorí òjò lè má jẹ́ kí ti àná gbẹ. Sílípà kan fún ilé ìwẹ̀, bàtà kan tí ó bo ẹsẹ̀ fún òru, nítorí ilẹ̀ ìpàgọ́ sábà máa ń súnmọ́ igbó. Ejò kì í bèèrè bóyá ará ìjọ ni ẹni tí ó tẹ òun. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tì í.

Ẹ wo Hánà nínú 1 Sámúẹ́lì 2:19. Lọ́dọọdún ni ó ń dá ẹ̀wù kékeré, tí ó ń mú un lọ fún Sámúẹ́lì ní Ṣílò. Ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ẹ̀wù èṣí kò lè gba ọmọ lọ́dún yìí. Kí ọmọ wọ bàtà tí ó fẹ́ gbé lọ lójú yín kí ó tó wọ àpò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń tiro kiri pápá ìpàgọ́ nítorí bàtà tí ó ti há láti oṣù karùn-ún.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn pa ṣe pàtàkì ju píló lọ. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ na án sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí ọmọ tó sùn sínú rẹ̀. Ẹ ká okùn mẹ́rin mọ́ ọn, nítorí ẹ kò mọ ibi tí yóò rí so ó sí. Ohun kan wà nípa ibà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá ti jẹ ènìyàn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ibà tó fara hàn. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná ní ọjọ́ kejì ìpàgọ́ tí ó sì jẹ́ ibà, ẹ má ṣe bá àwọn olùdarí jà. Ẹ̀fọn ilé yín ni ó jẹ ẹ́. Èyí tí ó bá kó ní ìpàgọ́, ó ti padà sílé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tí ó dé, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sọ pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni.

Ní ti oúnjẹ, Jésè ni àwòkọ́ṣe wa. Nínú 1 Sámúẹ́lì 17, ó di àgbàdo yíyan òṣùwọ̀n éfà kan àti ìṣù àkàrà mẹ́wàá fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà lójú ogun, ó sì fi wàràkàṣì mẹ́wàá kún un fún balógun wọn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbójú fo ti balógun yẹn! Bí ẹ bá ń di gàrí, ṣúgà, kúlíkúlí àti mílíìkì fún ọmọ yín, ẹ di díẹ̀ kún un tí yóò fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan máa ń wà nínú gbogbo yàrá ìpàgọ́ tí àpò rẹ̀ fúyẹ́, tí ó ń ṣe bí ẹni pé ebi kò pa òun. Ọmọ tí ó dá jẹ kúlíkúlí lábẹ́ aṣọ ìbora lóru kò tíì gbọ́ ìwàásù ọ̀sán. Ẹ má di ọbẹ̀ tàbí ẹran díndín tí yóò kan lọ́jọ́ kejì. Kí ìgò omi tí ó gba lítà kan wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀ ẹrù.

Mo mọ̀ pé bàbá ni yóò ka ojú ìwé yìí sókè nínú ilé púpọ̀, ẹ̀yin bàbá sì lè fẹ́ fo ìpínrọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ọmọbìnrin tí ó ti tó ọdún mọ́kànlá sí méjìlá, yálà ó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù tàbí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí páàdì wà nínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rà dúdú díẹ̀ àti aṣọ dúdú kan. Kí ìyá jókòó tì í kí ó tó lọ, kí ó sọ ohun tí ó jẹ́ fún un àti ẹni tí yóò lọ bá. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ lè dé láàrin ìjọsìn, láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ọmọ tí a kò sọ fún lè rò pé ẹ̀mí kan ni ó kọlu òun, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú lè tì í débi pé kò ní lọ sí ìpàgọ́ mọ́ láéláé.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o jókòó síbẹ̀ tí o ń tẹ́tí, ìwọ ni kí o di àpò rẹ fúnra rẹ. Kí ìyá rẹ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé méjì. Fi ọ̀kan sílé, fi ọ̀kan sínú àpò, kí o lè ka ẹrù rẹ nígbà tí o bá ń padà bọ̀. Fi máákà kọ orúkọ rẹ sára aṣọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti Bíbélì rẹ. Má yá bàtà ọlọ́bàtà lọ. Dáfídì wọ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù wò, ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sì gbé àpò olùṣọ́ àgùntàn tirẹ̀ tí òkúta márùn-ún wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wá, rántí Rákélì. Ó jí àwọn ère bàbá rẹ̀, ó fi wọ́n sínú gàárì ràkúnmí, ó jókòó lé wọn lórí, ó sì purọ́ pé ara òun kò yá. Lábánì tú gbogbo àgọ́ kò rí i. Àwọn ọ̀dọ́ kan mọ ìtàn yẹn ju ìtàn Dáfídì lọ. Ìsàlẹ̀ páálí kọnfúlékì ni wọ́n ń fi fóònù sí. Kò sí bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yóò ṣe ráyè wọlé sí ọmọ tí ó jókòó lé fóònù tí ó ń bẹ̀rù kí ó má dún.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Oògùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò pé ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kan wà nínú ìjọ, tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí a ń pè ní SS. Kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, àwọn ọmọ tí a sì ń bí pẹ̀lú SS lọ́dọọdún ju 100,000 lọ. Lójoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń lo folic acid àti oògùn tí kò jẹ́ kí ibà mú un. Fọ́ọ̀mù ìpàgọ́ dé, ó sì béèrè bóyá ọmọ ní àìlera kankan. Ìyá rẹ̀ kọ ọ́ pé kò sí. Bí ẹ bá béèrè ìdí, yóò ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ òun bí ẹyin. Yóò ní àwọn ti jẹ́rìí nínú ìjọ lọ́dún tó kọjá pé Olúwa ti wò ó sàn, báwo ni òun yóò ṣe tún wá kọ SS sórí ìwé? Ó sì yọ oògùn náà kúrò nínú àpò, nítorí ó gbọ́ pé ẹni tí ó bá gbé oògùn lọ sí ibi ìyanu ń bá ìyanu rẹ̀ jà.

Ẹ bá mi fi ọkàn tẹ̀ lé ọmọ náà. Aago márùn-ún àárọ̀, ó fi omi tútù wẹ̀ nínú òtútù oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ Wẹ́dẹ́sdè wọ́n gba ààwẹ̀, kò mu omi títí di aago mẹ́ta. Ní ọ̀sán wọ́n sáré nínú pápá. Ní Tọ́sìdè wọ́n ṣe ìṣọ́ òru. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti àìsùn: ohun mẹ́rin tí dókítà ń kìlọ̀ fún un ni ó kó pọ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí yóò fi di aago méjì òru, egungun ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Nọ́ọ̀sì ìpàgọ́ wo fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó rí i pé kò sí àìlera kankan, ó fún un ní Panadol, ó ní kí ó lọ sùn. Nọ́ọ̀sì kò ṣẹ̀. Ìwé tí ìyá kọ ni ó tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí láàrin àwa Yorùbá tí a gba ẹ̀mí gbọ́. Ní ọdún 1918 tí àrùn ìfúlúẹ́ńsà ń pa àwọn ènìyàn káàkiri, àwọn onígbàgbọ́ kan kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti gbàdúrà, Joseph Ṣàdáre àti Sophia Ọdúnlámì wà lára wọn. Nígbà náà kò sí oògùn kankan ní gbogbo ayé tí ó ń wo àrùn yẹn sàn, wọ́n sì rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú àdúrà. Ní ọdún 1930, ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ. Ní 1931 àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Àpọ́sítélì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn ará ìhín rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ó di àríyànjiyàn ńlá, ó sì wà lára ohun tí ó pín wọn níyà. Nínú àwọn tí ó dúró lórí ìwòsàn láìlo oògùn ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, CAC, ti jáde, tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943.

Kì í ṣe láti fi àwọn bàbá wọ̀nyẹn ṣẹ̀sín ni a ṣe sọ ìtàn yìí. Àdúrà wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: àgbàlagbà ni wọ́n, ara tiwọn ni wọ́n fi dúró lórí ìgbàgbọ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ìyá rẹ̀ yọ oògùn kúrò nínú àpò rẹ̀ kò yan ohunkóhun. Ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn ni a fi ara rẹ̀ dánwò, ní ibi tí ìyá tí ó ní ìgbàgbọ́ náà kò sí.

Ẹ padà sí Bíbélì kíkà wa. Ta ni ó ṣẹ́kù sọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù ní ẹsẹ kọkànlá? Lúùkù nìkan ni, ẹni tí Kólósè 4:14 pè ní oníṣègùn. Ní ẹsẹ ogún, Pọ́ọ̀lù sọ pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Kò sọ pé Tírófímù kò nígbàgbọ́. Kò fà á tipátipá wọ ọkọ̀ ojú omi kí iṣẹ́ ìhìnrere má bàa dúró. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì ti sọ ohun tí Tímótì yóò lò nítorí inú rẹ̀ tí ń ṣe é ní gbogbo ìgbà. Àpọ́sítélì tí ó ń wo aláìsàn sàn ni ó kọ gbogbo èyí, láìfi ọ̀kan pa èkejì lára. Àìsáyà pẹ̀lú sọ fún Hesekáyà pé Olúwa ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n mú ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo náà.

Nítorí náà, ìyá ọmọ yẹn, bí ẹ bá ń ka ìwé yìí lówùúrọ̀ yìí, ẹ mú fọ́ọ̀mù náà padà. Ẹ kọ SS síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, iye tí ọmọ ń lò àti àsìkò tí ó ń lò ó. Ẹ kọ ilé ìwòsàn tí ó ń lọ àti nọ́ńbà fóònù méjì tí ẹnìkan yóò gbé lóru. Ẹ fi oògùn náà sínú páálí rẹ̀ gan-an, kí nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ hàn, kí ẹ sì fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ fúnra yín. Ẹ fi súwẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀ kún ẹrù rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kí ó máa mu omi lemọ́lemọ́, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún omi gbígbóná láti fi wẹ̀, àti pé bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí àyà ń dùn ún, kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀. Ilé ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ nínú ìjọ kò bàjẹ́ nítorí èyí. Nígbà tí Jésù wo àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá, ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà. Bí Ọlọ́run bá ti wo ọmọ sàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè yí i padà. Kí dókítà tí ó kọ oògùn ni yóò sọ pé kí a dá a dúró.

Ti ọmọ tí ó ní ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní asthma, yàtọ̀ díẹ̀. Oògùn tí ó ń fín sẹ́nu kò gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì tí a ti tì pa. Ara ọmọ ni kí ó máa wà, nínú àpò ṣòkòtò tàbí àpò ẹ̀yìn, kí ẹni tí ó sùn tì í sì mọ ibi tí ó wà.

Ẹ̀yin olùdarí ìpàgọ́, ẹ̀yin náà ní ìpín nínú èyí. Ìdí tí àwọn ìyá fi ń purọ́ lórí fọ́ọ̀mù ni pé ọmọ tí ó bá sọ òtítọ́ ni a máa ń dá padà, tàbí tí a máa ń pè síwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ má pe ọmọ kankan síwájú pẹpẹ kí ẹ ní kí ó ju oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá kéde ààwẹ̀, ẹ sọ ọ́ kedere lórí pẹpẹ pé kí ẹni tí ó ń lo oògùn jẹun, kí ó sì mu omi, kí ó má baà jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa jí omi mu. Ẹ wá omi gbígbóná. Ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, kí ọkọ̀ kan tí ó ní epo sì wà níbẹ̀ lóru pẹ̀lú ẹni tí yóò wà á. Jésè ránṣẹ́ sí balógun tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí yóò fẹ́ mọ tiyín.

KÓKÓ ÀDÚRÀ

1. Bàbá, a dúpẹ́ nítorí gbogbo ọmọ tí yóò lọ sí ìpàgọ́ lọ́dún yìí. (Ẹ dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.)

2. Olúwa, ṣọ́ àwọn awakọ̀ tí yóò gbé wọn lọ àti àwọn tí yóò gbé wọn bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n sáré asárépajúdé, kí oorun má sì gbé ẹnikẹ́ni nínú wọn lójú ọ̀nà.

3. Fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń se oúnjẹ àti àwọn tí ń ṣọ́ ẹnubodè lóru ní okun, kí o sì jẹ́ kí wọ́n tètè rí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

4. Olúwa, fún ìyá tí ó ń bẹ̀rù láti kọ òtítọ́ sórí fọ́ọ̀mù ní ìgboyà lónìí, kí fọ́ọ̀mù náà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.